Ọjọ́ Tí Wọ́n Yẹ Opal Wò

Lonnie ọmọ mi,

Má tíì gbé lẹ́tà yìí fún Earl ọ̀rẹ́ rẹ kó bá ọ kà á, ìdí ẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ṣé ara le ní Cincinnati? Olúwa á máa ṣọ́ ọ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ẹsẹ̀ ṣì ń dun bàbá rẹ, àmọ́ ẹnu kò dùn ún, ó ṣì ń bá aládùúgbò jà lórí ọgbà.

Ọ̀rọ̀ Opal ọmọ rẹ ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó. Láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ wa, èmi ni mò ń kọ́ ọ níwèé lórí tábìlì ìdáná, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò lè ka ìlà kan já. Ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ni mo ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Pásítọ̀ ló ní kí n kọ̀wé sí iléèwé ìjọba, pé wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ láti mọ ohun tí kò jẹ́ kó lè kàwé, bí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ iléèwé wọn. Mo ní lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀? Ó ní òfin ni.

O mọ̀ pé ogún ọdún ni mo fi ń gbé jáàmù tí mo fi èso sè àti ọmọ màlúù lọ síbi ìdíje àgbẹ̀, mo mọ bí wọ́n ṣe ń múra de adájọ́. Mo wẹ Opal títí ó fi ń dán, mo di irun rẹ̀, mo ní kó kọ́ odindi ìwé kan sórí, kó máa ṣí i bí ẹni ń kà á. Bí ọmọ màlúù bá ń tiro, ta ló ń jẹ́ kí adájọ́ rí ẹsẹ̀ yẹn?

Ìyáàfin Pruitt tó yẹ̀ ẹ́ wò kò wo ìwé wa rárá. Tirẹ̀ ló gbé jáde, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kò sì nítumọ̀ kankan. Wọ́n ní kí n dúró níta, àmọ́ mo yọjú, mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ìyáàfin, àwọn tó tẹ ìwé yìí ti rẹ́ yín jẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu awò ojú. Ó ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ọmọ má baà lè kọ́ ọ sórí wá. Mo wo Opal, Opal wo ilẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, rìbọ́nù tí wọ́n ń fún ẹni tó bá borí ni mò ń retí. Ìwé olójú ewé mẹ́rìnlá ni wọ́n fún mi, mo yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, kò sí ipò kankan níbẹ̀. Ó ní orí Opal pé dáadáa, ọ̀nà tó ń gbà mú ìwé ló yàtọ̀, pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo sunkún ayọ̀. Bàbá rẹ ní eruku kó sí òun lójú, inú ilé la sì wà. Olùkọ́ kan ti ń kọ́ ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun báyìí, Opal sì ti ka ojú ewé kan fún màlúù. Ọlọ́run ṣeun, mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Ìyáàfin náà wá bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lonnie, ìwọ ni mo rántí. Ọ̀lẹ ni mo máa ń pè ọ́, mo sì fi ṣíbí onígi nà ọ́ lórí tábìlì yìí kan náà. O kì í ṣe ọ̀lẹ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Bá wa fi owó epo ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwọ náà á ṣe rere, ojú ò ní tì ọ́ láyé. Mo kọ lẹ́tà yìí gàdàgbà, mo fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, kí o lè fúnra rẹ kà á. Bó bá gba ọ̀sẹ̀ kan, rọra máa kà á lọ. Kò sí ṣíbí lọ́wọ́ mi mọ́.

Ìyá rẹ,
Verna