Orúkọ Tí Ìyàwó Kò Pè Rí

Ajé, 5 Máàṣì 1984
Ìyàwó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó náà ni mo ṣì ń pè é, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà yẹn. Ó ti pé àádọ́rin báyìí. Ẹ̀gbọ́n ti kú. Èmi àti Bánkẹ́ ọmọ ẹ̀ là ń tọ́jú ẹ̀.

Ọjọ́rú, 7 Máàṣì
Ó bi Bánkẹ́ pé ọmọ ta ni. Bánkẹ́ sunkún nídìí àdògán. Èmi ò sunkún — tíṣà ni mo ṣe jẹun, mo mọ rẹ́jísítà í pè. Ohun tí ò sí lórí ẹ̀ mọ́: Bánkẹ́, ikú Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà ọjà. Ohun tó ṣì wà: obì. Gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á máa ṣa èyí tí kòkòrò jẹ sọ́tọ̀, kò tiẹ̀ ní wò ó. Èmi náà ṣì wà. "Akọ̀wé Ọ̀la, ẹ káàárọ̀ o." Òun ló sọ mí bẹ́ẹ̀, torí síléètì tí n kì í gbé sílẹ̀ nígbà náà. Ìyàwó kì í kúkú pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Sátidé, 10 Máàṣì
Akọ̀wé Ọ̀la, lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 15 Máàṣì
Kò pè mí.

Sọ́ńdè, 18 Máàṣì
A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó nawọ́ sí mi: "Dúrótìmí! O ti jẹun?" Ketekete. Bánkẹ́ lọgun pé háà, Màmá ti rántí o, orúkọ yín gan-an ni wọ́n pè! Ó ń jó. N ò lè sọ fún un. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, n ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ó rántí mi — ó ti gbàgbé pé ìyàwó ilé wa lòun. Etí ẹ̀ ló bá a gbé orúkọ náà pa mọ́. Ó jọ pé èyí tí ẹnu ń lò lójoojúmọ́ ló ń gbó. Ó dùn mí, kí n má purọ́.

Ajé, 26 Máàṣì
Mo jókòó tì í nídìí obì. Mo ní èmi ni Akọ̀wé Ọ̀la. Ó bú sẹ́rìn-ín: ọ̀la wo, pẹ̀lú gbogbo ewú orí yìí? Ta ló sọ mí bẹ́ẹ̀? Mo ní ìyàwó ilé wa kan ni. Ó ní ìyàwó náà mọ orúkọ í sọ o. Ṣé ó ṣì wà láàyè?
Mo ní ó wà.
Ó ní kí n bá òun kí i.