Ta Ló Ń Bomi Rin Òdòdó Mi?

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìjokò níbí. Mo kí bàbá mi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àtàwọn ọmọ rẹ̀, mo sì kí màmá àgbà. Ṣé orúnkún yín ti ń gbà yín láyè láti rìn? Èmi wà dáadáa. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ọ̀tà ni mo ṣì wà. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n fi mí sí, nítorí náà àárọ̀ ni mo ń wọlé, nígbà táwọn ẹlòmíràn ń jáde.

Ẹ ó rántí hóró tannáposó tí ẹ so mọ́ etí aṣọ fún mi lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀. Iwájú yàrá mi ni mo gbìn ín sí, ó sì hù ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà òjò, tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, òdòdó rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í là, òmíràn pupa, òmíràn funfun. Ìgbín ń jẹ ewé rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan fi abẹ́ rẹ̀ ṣelé, ẹyẹ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ sì máa ń wá fa omi inú òdòdó rẹ̀ mu. Mo máa ń gbé àpótí síta, mo máa ń wò wọ́n títí n ó fi múra iṣẹ́. Màmá, ní gbogbo Ìjokò yìí, n ò ní ẹlòmíràn tí mo ń jókòó tì.

Àmọ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Alángbá mi orí sí mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo bi í pé ta ló rán an. Ọ̀gà dúró sórí ẹ̀ka láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo pe orúkọ Jésù títí ó fi lọ, kò tiẹ̀ yára. Ẹni tó bá sì ní fúláwà mi rẹwà, mo máa ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi kọjá. Ayé le, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀gbẹlẹ̀, tí ọyẹ́ dé, omi kànga wa lọ sílẹ̀, a wá ń fi korobá pín in. Ta ni yóò fún òdòdó lómi nínú ìyẹn? Koríko gbogbo àdúgbò gbẹ, eruku bo ewé, lékèélékèé nìkan ló ń rìn káàkiri lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Àmọ́ tèmi ń tutù yọ̀yọ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá, torí pé bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ máa ń rin. Iwájú tèmi nìkan ni. Ẹ sì ti sọ fún mi pé ẹni tó bá ń da omi sẹ́nu ọ̀nà ọmọlọ́mọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í ṣe ire ló ń wá.

Obìnrin tó wà ní yàrá kejì wá sọ fún mi pé Bàbá Ràfíù lòun rí. Bàbá àgbàlagbà tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni, yàrá ìpẹ̀kun ni wọ́n ń gbé. Ó ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ sídìí òdòdó mi pẹ̀lú bútà lọ́wọ́, ẹnu wọn sì ń mì. Ẹ̀yìn ilé, lẹ́bàá kànga, ni gbogbo àwọn tó ń kírun nílé wa ti ń ṣe àlùwàlá. Kí ni bàbá wá ń wá lẹ́nu ọ̀nà mi? Láti ọjọ́ náà, ẹnu mi ń kí wọn, ojú mi ò kí wọn.

Nígbà tí a ṣe mítìn-ìn ilé lọ́jọ́ Àìkú, mo dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú lánlọ́ọ̀dù àti gbogbo ayálégbé, mo ní kí bàbá búra, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń pè sídìí òdòdó mi. Bàbá ò bínú. Wọ́n ní àlùwàlá àsùbáà làwọn ń ṣe. Wọ́n ní ẹ̀yìn ilé, inú gọ́tà lomi ń ṣàn lọ, ó sì ń dun àwọn kí omi ṣòfò ní ọ̀gbẹlẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn fi ń lọ ṣe é lẹ́bàá ohun tí òùngbẹ ń gbẹ. Wọ́n ní Bísímílláì ni ẹnu àwọn ń sọ. Wọ́n ní kí n má bínú, àwọn ò ní débẹ̀ mọ́. Wọ́n jókòó, lánlọ́ọ̀dù sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iná.

Ṣé mo gbà? N ò gbà o. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mo ní kò tán, bàbá ti ṣe nǹkan sí i. Mo mú ọkọ́, mo wú ìdí rẹ̀ láti wá ohun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Mo wa á dé ìgbọ̀nwọ́. Ekòló méjì ni mo rí, àti ọ̀rá píọ́wọ́tà kan tó ti gbó. Gbòǹgbò ti já mọ́ mi lọ́wọ́. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ti kú sínú oòrùn. Ẹyẹ kékeré yẹn wá, ó yí ibẹ̀ ká, ó bà lé okùn aṣọ díẹ̀, ó lọ. Mo sunkún, màmá. Ojú tì mí.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún bàbá. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí tipẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn, àwọn obìnrin tó ń gbé ẹ̀rọ wá fún àwọn ti dín kù, bí àwọn bá sì pe ọmọdé nínú ilé, ìyá rẹ̀ á yára pè é wọlé. Wọ́n ní ohun tí mo sọ létí gbogbo ilé, n ò lè bẹ̀ ẹ́ létí ẹnìkan ṣoṣo.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, n ó dìde ní mítìn-ìn, n ó kà á sí wọn létí kí n tó fi ránṣẹ́ sí yín. Bó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ mọ̀ pé mo ti kà á. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan níbẹ̀ á rọra sọ pé bàbá ló fi nǹkan mú mi tí mo fi ń bẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó, ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin àti bàbá mi sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Mo mọ̀ pé ní gbogbo òwúrọ̀ lẹ máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ ayé. Ẹ ṣeun, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi kún un pé kó gba ayé náà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmi.