Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Ẹ Ń Bèèrè

Freetown,
Oṣù Karùn-ún, 1999.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ara mi le. Wọ́n ti mú mi kúrò lójú ogun, mo kàn ń sinmi ni. Bẹ́ẹ̀dì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹyin là ń jẹ láràárọ̀, mo tiẹ̀ ti ń sanra.

Rédíò ló ń bá wa ṣeré. Lánàá, àwọn oníròyìn kan ń jiyàn lórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí à ń bá jà níbí. Ọ̀kan ní ká bá wọn sọ̀rọ̀. Èkejì ní rárá, àfi kí wọ́n túúbá pátápátá láìbèèrè ohunkóhun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ogun máa lọ. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Nínú wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn wa, ẹnì kan nawọ́ pa rédíò náà.

Ẹ̀yin ni mo rántí. Láti ìgbà tí ẹ̀yin àti Bàbá Ọmọ́rìnsọ́lá, àbúrò yín, ti jà lórí ààlà oko kòkó, ẹ ní ẹ ò ní gbọ́ ẹjọ́ kankan àfi tó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ẹbí. Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kanlẹ̀, ẹ ní kò tó. Bàbá, ó tó. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá àti Mobọ́lájí àbúrò mi. Ẹ fẹnu ara yín bá mi kí Bàbá Ọmọ́rìnsọ́lá.

Wọn ò ní pẹ́ dá mi padà sí ilé. Tí mo bá wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kí yín lórí ìdúró, pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi.

Ọmọ yín,
Ládépọ̀.