Kìlómítà Méje Tí Mo Gbà Nínú Eré Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú eré sísá. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín láyọ̀, kí o má fẹsẹ̀ gbún òkúta, kí mọ́tò tí kò ní bíréèkì má sì pàdé rẹ lójú títì tí o ń sá kiri yẹn. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tèmi, mo wà, kò sí ohun tó ṣe mí àfi orúnkún ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ orúnkún yìí ló jẹ́ kí n mú bírò, òun àti ìlérí tí o ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá rẹ pé o máa wálé lọ́jọ́ tí ikú wọn bá pé ọdún kan. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, o máa ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.

Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi, ó sì kà á sí mi létí pé ọmọ mi fẹ́ sá eré kìlómítà méjìlélógójì ní ìrántí bàbá rẹ̀, kí wọ́n lè ra ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ibi tó kà dé nìyẹn tí oníbàárà wọlé, mo bá gba bébà mi, mo lọ fi awò sójú nílé, mo ka ìyókù fúnra mi. Mo rí ìlà méjìlélógójì, kìlómítà kan lórí ìlà kan, àti àyè tí èèyàn máa kọ orúkọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yé mi kíá. Ṣebí bí a ṣe ń ro ọ̀nà odò náà ni, tí ilé kọ̀ọ̀kan á gba ìwọ̀n tirẹ̀, tí ọ̀nà á sì mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ní ọmọ mi gbọ́n, kò fẹ́ dá a sá kó má bàa dá kú, ó pín in fún àwọn èèyàn bàbá rẹ̀.

Bí mo ṣe ń kan ilẹ̀kùn kiri nìyẹn. Káfíńtà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa gba méjì, ó ní bàbá rẹ kò jẹ́ kí ebi pa òun lọ́dún tí ṣọ́ọ̀bù òun jóná. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì gba mẹ́ta, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìrìn ni àwọn máa rìn tàwọn. Àbúrò bàbá rẹ obìnrin gba ẹyọ kan, wọ́n ní kí o fún àwọn níbi tí kò ní òkè. Èmi gba méje. Tíṣà bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ méje, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ eré, èmi tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Kánfáàsì bàbá rẹ ni mo wọ̀, mo fi àkísà dí imú rẹ̀, mo fi aṣọ yunifọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù lára èyí tí mo rán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rán ṣòkòtò, mo sì ró ìró lé e nítorí ẹnu ayé. Lọ́jọ́ kìíní, mi ò tíì dé ilé alágbẹ̀dẹ tí èémí mi ti tán. Ajá alágbẹ̀dẹ rò pé mo jí nǹkan ni, ó gbá tọ̀ mí, ọjọ́ yẹn ni mo sì sá dáadáa jù. Lọ́jọ́ kejì àwọn èèyàn ń dá mi dúró, wọ́n ń bi mí pé ta ló kú. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, orúnkún ọ̀tún ti wú bíi búrẹ́dì. Ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ màṣíìnì ìránṣọ láti ìgbà tí mi ò tíì bí ọ, mo rò pé kò sí iṣẹ́ tí kò lè ṣe, àṣé iṣẹ́ ìjókòó nìkan ló mọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n sinmi. Mo sinmi ọjọ́ mẹ́ta, mo di báńdéèjì, mo tún jáde, torí mo ti fọwọ́ sí ìwé, mi ò sì fẹ́ kí o dúró sójú títì níjọ́ náà kí ibi tó kan ìyá rẹ wá ṣófo.

Ọjọ́ tí mo dá fọ́ọ̀mù náà padà fún ọkùnrin fóònù pé kó fi ránṣẹ́ sí ọ, ó wo bébà, ó wò mí, ó wo báńdéèjì. Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé pé owó ni o, pé ìwọ nìkan lo máa sá gbogbo rẹ̀, pé ẹni tó bá kọ orúkọ sí kìlómítà kan kàn máa sanwó síbẹ̀ ni. Kò fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Káfíńtà ló rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí pákó. Àbúrò bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, wọ́n ti ra bàtà.

Ọkùnrin náà wá ṣí ibi tí o kọ ọ̀rọ̀ rẹ sí lórí fóònù hàn mí. Mo rí fọ́tò rẹ, o wọ ṣòkòtò péńpé, o ń rẹ́rìn-ín. Ó kà á fún mi pé iṣan ẹsẹ̀ rẹ fà ya lóṣù tó kọjá, pé o sunkún, pé àwọn tí o kò mọ̀ rí kọ̀wé sí ọ pé kó má sú ọ, pé àwọn ọ̀gá rẹ sì fún ọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko láti fi múra eré. Mo ní kó tún ibi ìsinmi yẹn kà. Ó tún un kà.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun. Nígbà tí bàbá rẹ wà lórí ẹní, mo bẹ̀ ọ́ pé kí o wá fún ọjọ́ mẹ́ta péré. O ní ibi iṣẹ́ kò yọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún bàbá rẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí n gbé orí àwọn sókè kí àwọn lè rí ojú ọ̀nà. Ọjọ́ tí wọn ò lè tọ̀ mọ́, mọ́tò kò sí, káfíńtà ti lọ síṣẹ́, mo gba bárò lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, mo tẹ́ aṣọ oníbàárà sínú rẹ̀, mo sì ti bàbá rẹ dé ọsibítù. Kìlómítà méje ni. Kò sẹ́ni tó dúró lẹ́bàá títì na omi sí mi. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo rò pé bí mo bá sá ọ̀nà yẹn lórúkọ eré rẹ, inú mi á rọ̀. Torí náà, pẹ̀lú pé mo ti mọ̀ pé owó ni, mo ṣì lọ lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Mo sá díẹ̀, mo rìn púpọ̀, mo jókòó ní gbogbo ibi tí mo ti gbé bárò kalẹ̀ níjọ́sí. Mo dé ẹnu géètì ọsibítù. Olùṣọ́ bi mí pé ta ni mo wá wò, mo ní kò sí. Inú mi kò rọ̀.

Ẹnu ọkùnrin fóònù náà ni mo ti gbọ́ pé ọjọ́ eré yẹn gan-an ni bàbá rẹ máa pé ọdún kan. Ó ní o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdí tí o fi mú eré yìí nìyẹn. Àwọn èèyàn sì yìn ọ́ fún un. Mo ti gbá yàrá rẹ, mo ti rán ẹ̀wù tí o máa wọ̀, ìwọ̀n rẹ àtijọ́ ni mo lò torí mi ò mọ bí o ṣe sanra tó báyìí.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ ni owó òróró ìfọ́ra fún orúnkún, àti owó bàtà àbúrò bàbá rẹ kí etí mi lè sinmi. Má fi sí báńkì o. Mo débẹ̀, ẹ̀rọ wọn ní kí n fi ìka tẹ òun, ó ní òun ò mọ̀ mí. Mo fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ti jẹ ìlà ọwọ́ mi tán. Mo bọ́ búláòsì òkè tí mo wọ̀, mo ní kó yẹ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wò, ẹni tó rán an ló dúró síwájú rẹ̀ yìí, ó ní ẹ̀rọ kì í wo aṣọ. Nítorí náà, fi rán èèyàn, tàbí kí o mú un wá fúnra rẹ.

Ọlọ́run á fún ọ lókun. Iṣan rẹ kò ní ya mọ́, wàá sá a dópin, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ọlọ́run kò sì ní fún àwọn ọmọ tìrẹ ní irú ibi iṣẹ́ tí kò ní yọ̀ǹda wọn lọ́jọ́ tí o bá ń wá wọn.

Níjọ́ náà, èmi á lọ sídìí sàréè láàárọ̀. Bàbá rẹ á bi mí pé ọmọ dà, mo máa sọ fún wọn pé o ń sáré. Bí wọ́n bá wá bi mí pé kí ló ń lé e, kí ni kí n wí?

Èmi ni,
Ìyá rẹ.