Àròkọ Mẹ́ta Lọ́sẹ̀ Tí Ẹ Lọ

Bàbá mi àtàtà,

A ṣe àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ yín lánàá. Àwọn ààfáà jẹun yó, wọ́n sì ṣàdúrà fún èmi àkọ́bí yín pé Ọlọ́run yóò fi mí rọ́pò yín. Mo ń ṣe àmín, ojú ń tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àròkọ mẹ́ta ni wọ́n fún wa ní yunifásítì, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn olùkọ́ kó tó di ọ̀sán Jímọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti parí ọ̀kan, mo wà lórí èkejì, èyí tó dá lórí ìdí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sá kúrò lóko látìgbà tí owó epo ti dé. Íńkì ti yí gbogbo ọwọ́ mi. Ni Àǹtí Ràbí, àbúrò Màámi, bá yọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa.

Kò jókòó. Kò mu omi. Ó ní ara yín ò yá díẹ̀, ẹ sì fẹ́ rí mi, kí n jẹ́ ká jọ máa lọ sí Ìkọ̀tún. Mo ní kó bá mi sọ fún yín pé mo ń bọ̀ ní Jímọ̀. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó wò mí lójú títí, ó sì yí padà.

Bàbá, ṣé ẹ rántí ìgbà tí ikọ́ sìmẹ́ńtì yẹn kì yín mọ́lẹ̀, tí ẹ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo sáré dé, mo bá yín lórí àkàbà l'Ẹ́gbẹ́dá, ẹ ń rẹ́ ògiri ilé olówó tuntun kan, ẹ sì ń fi mí ṣẹ̀rín pé ojú mi ti funfun. Mo rò pé irú rẹ̀ náà ni. Kí ló dé tí n kò bi ara mi pé kí ló lè mú Àǹtí Ràbí ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà nítorí ara tí kò yá díẹ̀? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Èmi tí ẹ rán lọ sí yunifásítì, ààbọ̀ náà ni mo gbà.

Ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn lẹ ti lọ. Wọ́n ti wẹ̀ yín, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì yín. Àǹtí Ràbí dé láìmú mi lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n ní bóyá mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀nà títí wọ́n fi kírun ìrọ̀lẹ́ tán. Àbúrò yín ló bu iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kí n bù. Nígbà yẹn gan-an, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi kún ojú ìwé kẹjọ.

Nígbà tí mo dé ní Jímọ̀, àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ yín ti rẹ́ ojú orórì yín lẹ́yìn ilé. Ó dán, irú èyí tí ẹ máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa kí ẹ tó gbà pé iṣẹ́ dára. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á. Mo sunkún, n kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Màámi ò bi mí ní nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ni wọ́n ń sọ fún pé Àǹtí Ràbí ò bá mi ní yàrá, pé inú ìdánwò ni mo wà. Àǹtí Ràbí á tẹrí ba. Àwọn èèyàn ń ṣàánú mi, oníkálukú ń fọwọ́ pa mí lórí. Ó ń dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa parọ́ nítorí mi láyé. Ẹ̀yin ẹ má bá wọn pa á. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí yín, tí wọ́n bi yín pé àkọ́bí yín ńkọ́, ẹ sọ fún wọn pé ó gbọ́, kò wá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó dé.