Àpótí Ìjókòó Bàámi

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín, mo mọ̀ pé aṣọ oníbàárà kún ọwọ́ yín. Ara mi le. Mo ń jẹun, mo sì ń sùn dáadáa.

Ṣé ẹ rántí pé ilé-ìwé méjì ló gbà mí, tí Bàámi yan èyí nítorí pé àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀? Wọ́n ní ìjọba kan náà ló ṣáà ni méjèèjì. Lánàá, mo bi tíṣà wa ìgbà tí a máa bẹ̀rẹ̀ báyọ́lọ́jì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé-ìwé ìjọba ò rí bákan náà. Ti àdúgbò ń gba gbogbo ọmọ. Èyí tí wọ́n ń ṣèdánwò wọ̀ ló ń múni dé ibi ìṣègùn. Tiwa, iṣẹ́ ọwọ́ bíi iṣẹ́ káfíńtà ni." Ilé-ìwé kejì tí a kọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣèdánwò wọ̀; wọ́n ní ẹlòmíràn ti gba àyè mi níbẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Dókítà Àga. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bóyá ọpọlọ mi ò tiẹ̀ ní í gbé ìṣègùn ọ̀hún.

Ṣé Bàámi ṣì ń sọ fáwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ wọn pé dókítà lọmọ àwọn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Mo ń kan àpótí kan tí wọ́n á máa fi sinmi tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Tí mo bá gbé e wálé, ẹ bá mi sọ pé mo rà á ni.

Ẹ kí wọn, ẹ kí Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí lẹ́tà yìí.