Bíbá Àgbà Jiyàn

Rantya, Jos

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ìfẹ́olúwa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ara mi le, orúnkún nìkan ni òtútù ń bá fínra. Tòmátì pọ̀ lọ́jà Farin Gada, àmọ́ ìwọ̀nba tí ẹnì kan máa jẹ ni mò ń rà.

Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ iṣẹ́ àwọn tó ti ṣèwádìí ṣáájú wò kí wọ́n tó kọ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn, Tohirat, ọmọ àdúgbò Gangare níbí, wá ọjọ́ orí àwọn ọ̀mọ̀wé náà, ó fi àgbà ṣáájú nínú ohun tó kọ, kò sì jẹ́ kí ọmọdé kankan ta ko àgbà. "Haba, Mà! Ṣé kí n máa bá àgbà jiyàn ni?" Mo ní kó bá wọn jiyàn, kó sì wá ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ ní kí n ta ilé Bàámi tí mò ń dá gbé níbí. Àǹtí wa ní kí n kó ayálégbé sí i. Mi ò gbà fún ẹnì kankan nínú yín. Látìgbà tí Bàámi ti kú, kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ni mò ń bá jẹun.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lájò. Ẹ pè mí lọ́sàn-án Sọ́ńdè, kí n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi.

Àbúrò yín,
Kíkẹ́lọmọ